Kí ló dé tí ọjà tí kò lówó ibodè fi ń há sí ẹnubodè?

Ìbéèrè: Mo ń ṣe ọṣẹ ìfọṣọ àti ọṣẹ ìwẹ̀ ní Ìlarò. Àdín èkùrọ́ tí wọ́n ń yọ ní agbègbè wa ni mo fi ń ṣe é. Oníbàárà mi kan ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ní ilẹ̀ Benin, fẹ́ máa gba páálí 200 lóṣooṣù. Gbogbo ènìyàn ló ń sọ pé ECOWAS ti fagi lé owó ibodè láàárín Nàìjíríà àti Benin, àmọ́ nígbà tí mo gbé páálí díẹ̀ dé ẹnubodè, wọ́n dá a dúró, wọ́n ní kò níwèé. Kí wá ni àǹfààní àdéhùn tí wọ́n ní a ṣe yìí? Ṣé kí n máa fi ọ̀kadà kó o kọjá díẹ̀díẹ̀ bí àwọn yòókù ti ń ṣe ni?

Ìdáhùn: Ẹ kú òwò, ajé á wọlé o. Àwọn tí ó sọ fún yín pé kò sí owó ibodè lórí ọjà yín kò purọ́. Ní ọdún 1979, ọdún mẹ́rin lẹ́yìn tí wọ́n dá ECOWAS sílẹ̀ ní Èkó, ni àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú ẹgbẹ́ náà fọwọ́ sí ètò tí ó mú owó ibodè kúrò lórí irè oko àti iṣẹ́ ọwọ́ ìbílẹ̀ tí wọ́n bá ń gbé láti ilẹ̀ kan sí èkejì láàárín ara wọn. Nígbà tí ó di ọdún 1990, wọ́n fi ọjà tí a ṣe ní ilé-iṣẹ́ kún un, ibẹ̀ sì ni ọṣẹ yín bọ́ sí. Ṣùgbọ́n owó ibodè jẹ́ ẹyọ kan péré nínú ohun tí òṣìṣẹ́ ẹnubodè lè bèèrè lọ́wọ́ oníṣòwò. Ẹni tí ó ń gba owó ibodè ń bèèrè iye tí ọjà tó. Àwọn òfin yòókù ń bèèrè ibi tí ọjà ti wá, ohun tí wọ́n fi ṣe é, ẹni tí ó yẹ̀ ẹ́ wò, èdè tí wọ́n kọ sí i lára, ohun tí wọ́n fi dì í, àti bóyá ilẹ̀ tí ó ń lọ tilẹ̀ fẹ́ ẹ. Kò sí ọ̀kankan nínú àwọn ìbéèrè wọ̀nyí tí ó bá owó ibodè lọ nígbà tí wọ́n fagi lé e, àwọn ni wọ́n sì dá ọjà yín dúró.

Nínú gbogbo wọn, ìbéèrè nípa ibi tí ọjà ti wá ni ó lágbára jù, nítorí òun ni ó bí púpọ̀ nínú àwọn yòókù. Ọjà tí a ṣe láàárín àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS nìkan ni kì í san owó ibodè. Èyí tí ó bá ti Ṣáínà, Íńdíà tàbí Yúróòpù wá gbọ́dọ̀ san án, gẹ́gẹ́ bí ìwé owó ibodè àjùmọ̀ní tí Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní ọdún 2015, èyí tí ó pín ọjà sí ìpele márùn-ún, láti orí òfo títí dé 35 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí gbogbo orílẹ̀-èdè bá ń gba iye kan náà lórí ọjà òkèèrè, tí wọn kò sì fi nǹkan mìíràn lé e, kò ní sí ìdí púpọ̀ tí ẹnikẹ́ni yóò fi máa gbé ọjà gba ilé aládùúgbò wọlé. Ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ọ̀rọ̀ rí. Nàìjíríà ní àfikún owó àti òfin tirẹ̀ lórí àwọn ọjà kan, Benin kò ní irú rẹ̀, èbúté Kútọnu kò sì ju nǹkan bí 120 kìlómítà sí Èkó.

Ìrẹsì ni ó fi èyí hàn jù lọ. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, owó ibodè àti àfikún rẹ̀ lórí ìrẹsì tí ó bá gba èbúté Nàìjíríà wọlé tó 70 nínú ọgọ́rùn-ún, nígbà tí èyí tí wọ́n ń gbà ní Kútọnu kéré jìnnà sí i. Àwọn ará Benin fúnra wọn, ìrẹsì funfun ni wọ́n sábà máa ń jẹ. Èyí tí wọ́n ti bọ̀ kí wọ́n tó bó o, tí àwa níhìn-ín fẹ́ràn, kò fi bẹ́ẹ̀ wù wọ́n. Síbẹ̀, ọkọ̀ ojú omi lẹ́yìn ọkọ̀ ojú omi ń kó ìrẹsì bíbọ̀ wá sí Kútọnu láti Tàílándì àti Íńdíà, gbogbo ènìyàn ló sì mọ ibi tí ó ń lọ. Ní ọdún 2016, Nàìjíríà fòfin de kíkó ìrẹsì gba ẹnubodè orí ilẹ̀ wọlé, nígbà tí ó sì di oṣù Kìíní ọdún 2017, ó fi ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kún un. Láti ìgbà náà, ojú ìfura ni wọ́n fi ń wo gbogbo páálí tó bá dé ẹnubodè wa, yálà ó ń wọlé ni tàbí ó ń jáde. Ìfura náà kò sì dúró sí ọ̀dọ̀ àwa nìkan. Òṣìṣẹ́ ibodè Benin tí ó rí ọṣẹ tí ó ti Nàìjíríà wá yóò kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ pé, ta ló jẹ́rìí sí i pé kì í ṣe ọṣẹ Ṣáínà ni wọ́n tún dì ní Èkó?

Ìwé ẹ̀rí ibi tí ọjà ti wá ni ó ń dáhùn ìbéèrè yìí, ó sì ní òǹkà tí wọ́n fi ń gbé e kalẹ̀. Ohun tí a bá gbìn, tí a wa jáde nínú ilẹ̀, tàbí tí a sìn ní ilẹ̀ wa pátápátá kò ní wàhálà. Ohun tí a bá fi èròjà òkèèrè ṣe ní láti yí padà débi pé orí mìíràn ni ìwé owó ibodè yóò kà á sí, tàbí kí iye tí a fi kún un níhìn-ín tó ó kéré tán 30 nínú ọgọ́rùn-ún owó tí ó fi ń jáde nílé-iṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí a fi ọṣẹ yín ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní páálí kan ń jáde lọ́wọ́ yín ní ₦20,000, tí kọ́sítíìkì, lọ́fíńdà àti àwọ̀ tí ẹ rà láti òkèèrè sì jẹ́ ₦8,000 nínú rẹ̀. Èyí tí ó kù jẹ́ ₦12,000, ìyẹn 60 nínú ọgọ́rùn-ún, nítorí àdín Yewa, owó òṣìṣẹ́, iná àti èrè yín, ilẹ̀ wa ni gbogbo rẹ̀ ti wá. Ọṣẹ yín yege láìsí àríyànjiyàn. Ẹ wá wo ẹlòmíràn tí ó ń ra ọṣẹ tí wọ́n ti sè parí láti Màléṣíà, tí ó kàn ń yọ́ ọ, tí ó ń ta lọ́fíńdà sí i, tí ó ń gé e, tí ó sì ń dì í. Bí ohun tí ó rà láti òkèèrè bá jẹ́ ₦15,000 nínú ₦20,000, ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún péré ni ó fi kún un, orí tí ìwé owó ibodè sì ka ọjà náà sí lè má yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀. Ọṣẹ méjèèjì lè jọra wọn lórí àtẹ bí ìbejì. Ìwé nìkan ni ó lè yà wọ́n sọ́tọ̀, nítorí náà, ẹ máa tọ́jú rìsíìtì gbogbo ohun tí ẹ bá rà, pàápàá ti àdín tí ẹ ń rà lọ́wọ́ àwọn ìyá tó ń yọ ọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀yin ni ẹ ó kọ rìsíìtì náà tí wọn yóò kàn fọwọ́ sí i.

Bí a ṣe ń gba ìwé náà pín sí ọ̀nà méjì. Àkọ́kọ́, ẹ ó fi orúkọ ilé-iṣẹ́ àti ọjà yín sílẹ̀ kí ìgbìmọ̀ ilẹ̀ wa tó ń rí sí ètò ECOWAS lè fọwọ́ sí i, kí wọ́n sì fi tó àwọn orílẹ̀-èdè yòókù létí. Lẹ́yìn èyí, ẹ ó máa gba ìwé ẹ̀rí fún ẹrù kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá fẹ́ gbé kọjá. NACCIMA, ẹgbẹ́ àpapọ̀ àwọn ilé-ìṣòwò, ni ó ń fúnni ní èyí ní Nàìjíríà. Ìwé yìí yàtọ̀ sí ìwé ẹ̀rí ẹni tí ń kó ọjà lọ sókè òkun, tí NEPC, àjọ ìjọba tó ń rí sí kíkó ọjà jáde, ń fúnni, àti fọ́ọ̀mù NXP fún ọjà tó ń jáde, tí ẹ ó kọ nípasẹ̀ báńkì yín. Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé àwọn méjì tó kẹ́yìn yìí ni wọ́n kọ́kọ́ bi yín, nítorí ẹrù yín ń jáde ni, kò tíì dé ọ̀dọ̀ àwọn ará Benin rárá. Irè oko àti iṣẹ́ ọwọ́ ìbílẹ̀ kì í nílò ìwé ẹ̀rí ibi tí ọjà ti wá. Mo mọ̀ pé ẹnìkan yóò sọ fún yín pé ọṣẹ tí a fi ọwọ́ sè nínú ìkòkò, iṣẹ́ ọwọ́ ìbílẹ̀ ni. Ó lè jàre, ṣùgbọ́n ẹnubodè kọ́ ni ibi tí ó yẹ kí ẹ ti lọ jiyàn rẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ tí ẹ háyà ń jẹ owó ìdúró lórí yín.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí owó tí ìwé ń náni, nítorí ibẹ̀ ni mo rò pé ọ̀rọ̀ yìí ti ń dunni jù, bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn tó ń ṣòfin kì í fi bẹ́ẹ̀ wo ibẹ̀. Iye tí ọjà tó ni wọ́n fi ń ṣírò owó ibodè. Ẹni tí ó gbé kékeré yóò san kékeré, ẹni tí ó gbé púpọ̀ yóò san púpọ̀. Ìwé kò mọ ìyẹn. Ká ní gbogbo ìwé tí ẹrù kan nílò, àti owó ejẹ́ńtì, àti owó mọ́tò tí ẹ fi lọ gbà wọ́n, jẹ́ ₦60,000. Ilé-iṣẹ́ ńlá tí ó gbé páálí 2,000 yóò pín in sí ₦30 lórí páálí kọ̀ọ̀kan, kò sì ní mọ̀ ọ́n lára. Ẹ̀yin tí ẹ gbé páálí 20 yóò pín in sí ₦3,000, èyí tí ó jẹ́ ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún owó ọṣẹ tí a fi ṣàpẹẹrẹ lẹ́ẹ̀kan. Àwọn ìlú méjèèjì lè máa pariwo pé òfo ni owó ibodè, kí ó sì jẹ́ pé alájàpá ń san nǹkan tí ó ju ìlọ́po méjì ìpele tí ó ń gba ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún nínú ìwé owó ibodè àjùmọ̀ní lọ, láìsí pé kọ́bọ̀ kan nínú rẹ̀ wọ àpò ìjọba gẹ́gẹ́ bí owó ibodè. Ẹ tún fi ìdádúró lójú ọ̀nà kún un. Ẹni tó bá ti gba ọ̀nà Àgbárá lọ sí Sẹ̀mẹ̀, tàbí ọ̀nà Owódé lọ sí Ìdí-Ìrókò, mọ bí wọ́n ṣe ń dá ọkọ̀ dúró lémọ́lémọ́. Ìdúró kọ̀ọ̀kan, àkókò ni ó ń gbà, ọ̀pọ̀ ìgbà ni ó sì ń gba owó tí kò ní rìsíìtì. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ẹni tí ìwé rẹ̀ bá pé pérépéré máa ń jà á díẹ̀, ẹni tí ìwé rẹ̀ bá ku ẹyọ kan ni wọ́n máa ń jẹ.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ìdánwò àti ìdiwọ̀n. Ọṣẹ tí ẹ ń tà ní Nàìjíríà ní láti ní nọ́ńbà NAFDAC, mo sì gbà pé ẹ ti ní i. Ohun tí púpọ̀ oníṣòwò kò mọ̀ ni pé nọ́ńbà náà kò ní agbára kankan ní ìkọjá Ìgólò, ẹnubodè Benin tó dojú kọ Ìdí-Ìrókò. Benin ní àjọ ìdiwọ̀n ọjà tirẹ̀, tí wọ́n ń pè ní ANM, wọ́n sì lè ní kí wọ́n tún ọṣẹ kan náà yẹ̀ wò láti ìbẹ̀rẹ̀. Orúkọ ọjà, ohun tí wọ́n fi ṣe é, ìwọ̀n rẹ̀ àti ìkìlọ̀ tó bá wà lára rẹ̀ ní láti wà ní èdè Faransé. Ẹ má ṣe fi ojú kékeré wo ọ̀rá tí ẹ fi ń dì í: láti oṣù Kejìlá ọdún 2017 ni Benin ti ní òfin tí ó de ọ̀rá ìkóǹkan tí kì í jẹrà, èyí tí ó kan ṣíṣe é, kíkó o wọlé, títà á àti lílò ó. Kí oníbàárà yín bá yín bèèrè bóyá irú ọ̀rá tí ẹ ń lò wà nínú ohun tí òfin náà kàn, kí ẹ tó tẹ páálí tuntun. Bébà ni ó rọrùn jù.

Èmi kò sí lára àwọn tó ń sọ pé kí wọ́n fagi lé gbogbo ìyẹ̀wò wọ̀nyí. Àwa náà mọ ohun tí ọṣẹ ìbóra tí ó ní mákúrì nínú ń fi awọ ara ṣe, mo sì fẹ́ kí ẹnìkan wà ní ẹnubodè tí yóò dá irú ọṣẹ bẹ́ẹ̀ padà, ibi yòówù kí ó ti wá. Ibi tí mo ti yapa sí wọn ni ti àyẹ̀wò ẹ̀ẹ̀mejì. Bí ilé àyẹ̀wò kan ní Èkó bá ti wo ọṣẹ kan tí ó ní ó dára, kò sí ohun tí ó yẹ kí ilé àyẹ̀wò mìíràn ní Kútọnu tún máa wá nínú rẹ̀, bí ó bá jẹ́ pé ìdiwọ̀n kan náà ni àwọn méjèèjì ń lò. ECOWAS ti ní ètò láti mú ìdiwọ̀n ọjà bára mu, ó sì ti gbé àwọn kan jáde. Ohun tí ó ṣẹ́kù, tí ó sì le jù, ni kí orílẹ̀-èdè kan gba ẹ̀rí èkejì gbọ́. Àìgbàgbọ́ yẹn ni ẹ ń fi owó yín san.

Ní ti ọjà tí ilẹ̀ kan kò bá fẹ́ rárá, Nàìjíríà ni ó lókìkí jù nínú wa. Àkọsílẹ̀ ọjà tí ó fòfin dè gùn: ẹran adìyẹ inú yìnyín, omi èso inú páálí, sìmẹ́ńtì inú àpò, spaghetti, bíárì, ọṣẹ pẹ̀lú. Bẹ́ẹ̀ ni, ọṣẹ tí wọ́n ti dì fún títà lẹ́yọlẹ́yọ wà níbẹ̀. Ẹni tí ó bá gbọ́ èyí yóò rò pé obìnrin ẹlẹgbẹ́ yín tí ó ń ṣe ọṣẹ ní Àjàṣẹ́ kò lè tà á ní Ìlarò láé. Ṣùgbọ́n nínú ìwé ìlànà ìnáwó tí ìjọba àpapọ̀ gbé jáde ní àwọn ọdún àìpẹ́ yìí, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọjà tí kò ti orílẹ̀-èdè ECOWAS wá nìkan ni àkọsílẹ̀ náà kàn. Ẹ wo bí gbogbo rẹ̀ ṣe tún padà sórí ìwé ẹ̀rí ibi tí ọjà ti wá: ọṣẹ kan náà lè jẹ́ ọjà tó mọ́, ó sì lè jẹ́ èyí tí wọn yóò gbẹ́sẹ̀ lé, ìyàtọ̀ àárín méjèèjì kò sì ju bébà kan lọ. Òṣìṣẹ́ tí kò bá rí bébà náà yóò lo òfin tó le jù tí ó bá mọ̀, n kò sì rò pé ó yẹ kí a máa bú u fún ìyẹn nígbà gbogbo.

Èyí tí ó burú jù nínú gbogbo òfin tí kì í ṣe ti owó ni èyí tí a kì í rí kí ó tó dé. Ẹ̀yin ará Yewa kò ní gbàgbé oṣù Kẹjọ ọdún 2019, nígbà tí Nàìjíríà ti gbogbo ẹnubodè orí ilẹ̀ fún ọjà, tí wọ́n ní ti ìrẹsì àti àwọn onífàyàwọ́ ni. Ní oṣù Kọkànlá ọdún kan náà, wọ́n tún pàṣẹ pé kí wọ́n má ṣe gbé epo bẹntiróò lọ sí ilé epo kankan tí kò ju 20 kìlómítà sí ẹnubodè. Ọ̀pẹ̀yìnbó àwọn àgbẹ̀ Allada ní Benin, tí ọjà Nàìjíríà jẹ́ ibi pàtàkì tí wọ́n ń tà á sí, jẹrà mọ́ wọn lọ́wọ́. Àwọn ilé-iṣẹ́ tiwa tí ó ń kó ọjà lọ sí Gánà àti Tógò pẹ̀lú há sí ẹ̀yìn ẹnubodè kan náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwé wọn pé. Wọ́n ṣí Sẹ̀mẹ̀ àti mẹ́ta mìíràn ní oṣù Kejìlá ọdún 2020, àmọ́ ó di oṣù Kẹrin ọdún 2022 kí àṣẹ tó wá pé kí wọ́n ṣí Ìdí-Ìrókò, èyí tí ó sún mọ́ yín jù. Ní gbogbo àkókò yẹn, kò sẹ́ni tó yí owó ibodè padà. Òfo ni ó wà, òfo náà ni ó ṣì wà nígbà tí ọjà kankan kò lè kọjá. Ohun tí irú nǹkan báyìí fi sílẹ̀ lọ́kàn oníṣòwò kì í tán nígbà tí wọ́n bá ṣí ẹnubodè. Ẹni tí ó bá ní oníbàárà ní Àjàṣẹ́ kì í fẹ́ ra ẹ̀rọ tí ó tóbi mọ́, nítorí kò mọ ìgbà tí wọn yóò tún tì í.

Kí ẹ má baà rò pé ẹnubodè nìkan ni òfin wọ̀nyí ń gbé, ẹ wo Gánà. Òfin ìdókòwò tí wọ́n ṣe níbẹ̀ ní ọdún 2013 ní kí àjèjì tí ó bá fẹ́ ṣe òwò ríra-àti-títà ní owó ìpìlẹ̀ tí kò dín ní mílíọ̀nù kan dọ́là, ó sì fi títà nínú ọjà àti ìpolówó kiri sílẹ̀ fún ọmọ onílùú. Lórí òfin yìí ni wọ́n dúró lé nígbà tí wọ́n ń ti ṣọ́ọ̀bù àwọn ọmọ Nàìjíríà ní Accra. Ọjà wọn ti kọjá ẹnubodè, ó ti sinmi sórí àtẹ, kí òfin tó bá a níbẹ̀. Fún ìdí yìí, ohun tí ó dára nínú ètò tiyín ni pé ẹlòmíràn tí ó jẹ́ ọmọ onílùú ni yóò máa ta ọṣẹ náà ní Àjàṣẹ́. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín láti lọ gba ṣọ́ọ̀bù tiyín níbẹ̀ ní kíákíá.

Wọ́n ti wá ọ̀nà kan sí ìnira àwọn oníṣòwò kéékèèké ní ibòmíràn. Ní Ìlà Oòrùn Áfíríkà, níbi tí Kẹ́ńyà, Ùgáńdà àti Tàǹsáníà wà, ẹni tí ẹrù rẹ̀ kò bá ju 2,000 dọ́là lọ, tí ọjà náà sì jẹ́ èyí tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ wọn, kì í lọ gba ìwé ní olú-ìlú. Fọ́ọ̀mù kékeré kan ni yóò kọ ní ẹnubodè, òṣìṣẹ́ ibodè yóò sì fi òǹtẹ̀ lù ú lójú ẹsẹ̀. Kò mú gbogbo ìṣòro kúrò, nítorí ẹni tí kò mọ̀wé kọ ṣì ń wá ẹni tí yóò bá a kọ ọ́, ṣùgbọ́n ó mú kí owó ìwé bá ìwọ̀n ẹrù mu. Bí ECOWAS bá fi irú rẹ̀ sí Ìdí-Ìrókò àti Ìgólò lọ́la, mo rò pé yóò ṣe ju ìpàdé púpọ̀ lọ.

Mo wá dé orí ọ̀kadà. Èmi kì í bá àwọn tó ń gba ọ̀nà ẹ̀bùrú ṣe bí ẹni pé ọ̀daràn ni gbogbo wọn. Púpọ̀ nínú wọn ń kó ọjà tí òfin kò dè, tí kò sì yẹ kí ó san kọ́bọ̀ kan. Ìwé ni wọ́n ń sá fún, nítorí pé ó wọ́n ju ọjà tí wọ́n gbé lọ. Nígbà tí ìlú bá wà lẹ́bàá ara wọn, tí ìdílé kan náà ní ará ní Ìlarò, àti ní Kétu àti Sakété ní ilẹ̀ Benin, ẹsẹ̀ ènìyàn yóò máa wá ibi tí ó rọrùn. Ṣùgbọ́n fún ohun tí ẹ̀yin fẹ́ ṣe, mo gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ má dán an wò. Bí wọ́n bá gbẹ́sẹ̀ lé ẹrù tí kò níwèé, òfin kò ní gbè yín láti gbà á padà, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ilé-iṣẹ́ adójútòfò kan tí yóò san owó rẹ̀. Ẹni tí ó bá sì ń gba páálí 200 lóṣooṣù yóò fẹ́ tà á fún àwọn ilé ìtajà ńlá ní Àjàṣẹ́ àti Kútọnu láìpẹ́, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n ó sì bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ni ìwé tí ó fi kó o wọlé. Ọ̀nà ẹ̀bùrú lè gbé ọṣẹ yín dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kò lè gbé e kọjá ibẹ̀.

Bí mo bá wà nípò yín, ọ̀dọ̀ oníbàárà yẹn ni n óò ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ọ̀dọ̀ ìjọba. Ẹ kọ́kọ́ bá a fẹnu kò lórí ẹni tí orúkọ rẹ̀ yóò wà lórí ìwé gẹ́gẹ́ bí ẹni tó kó ọjà wọ Benin, kí ó jẹ́ òun, nítorí òun ni òṣìṣẹ́ ibẹ̀ mọ̀, òun ni ó sì gbọ́ Faransé wọn. Òun ni yóò lọ bèèrè ní ANM ohun tí wọ́n fẹ́ fún ọṣẹ ìfọṣọ àti ohun tí wọ́n fẹ́ fún ọṣẹ ìwẹ̀, torí wọ́n lè má rí bákan náà. Bí ó bá jẹ́ pé ti ọṣẹ ìfọṣọ ni ó rọrùn, ẹ fi òun nìkan bẹ̀rẹ̀, kí ẹ fi ti ìwẹ̀ sílẹ̀ dìgbà tó bá yá. Nígbà tí ó bá ń ṣe èyí, kí ẹ̀yin máa gba ìwé NEPC, kí ẹ sì ti fi ọjà yín sílẹ̀ fún ìfọwọ́sí ECOWAS, nítorí ìyẹn ni ó máa ń pẹ́ jù. Ẹ má ṣe gbé páálí 20 lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Ẹ kó 200 jọ kí ẹ gbé e lẹ́ẹ̀kan lóṣù, tàbí kí ẹ wá oníṣẹ́ ọṣẹ méjì tàbí mẹ́ta mìíràn ní agbègbè yín, kí ẹ para pọ̀ di ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, kí ẹrù yín lè máa wọ ọkọ̀ kan náà lórúkọ ẹgbẹ́, kí ẹ sì jọ pín owó ejẹ́ńtì àti ti ọkọ̀. Ọkọ̀ tí ẹ bá háyà gbọ́dọ̀ ní káàdì àláwọ̀ ilẹ̀ ti ECOWAS, tí í ṣe ìwé adójútòfò ọkọ̀ tó ń kọjá láti ilẹ̀ kan sí èkejì.

Ní ti owó, ẹ fi sínú àdéhùn yín bóyá náírà ni yóò máa san tàbí sẹ́fà, àti ọjọ́ tí ẹ ó lo iye pàṣípààrọ̀ rẹ̀. Sẹ́fà so mọ́ owó Yúróò, kì í mira. Náírà ti fò sókè sódò gan-an láti oṣù Kẹfà ọdún 2023, èrè oṣù kan sì lè wọmi nínú ọ̀sẹ̀ kan bí ẹ kò bá kọ ọ́ sílẹ̀. Bí wọ́n bá tún dá ẹrù tí ìwé rẹ̀ pé dúró, ẹ kọ ọjọ́, wákàtí, orúkọ ibùdó àti ohun tí wọ́n sọ pé ó kù sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì gbé e lọ sí ojú ewé tradebarriers.africa tí wọ́n ṣí lábẹ́ àdéhùn òwò Áfíríkà, AfCFTA, níbi tí oníṣòwò èyíkéyìí ti lè fi ẹjọ́ irú ìdènà bẹ́ẹ̀ sùn. Láti ibẹ̀ ni yóò ti dé ọwọ́ àwọn tí ìjọba orílẹ̀-èdè méjèèjì yàn láti yanjú rẹ̀. Ẹjọ́ tí kò bá ní ọjọ́ àti orúkọ ibùdó nínú, wọn kì í lè ṣe ohunkóhun sí i.